Ẹ̀rọ scan ELM327 fún iná check engine tó ń tàn tó ń kú lára ọkọ̀ tó ti pẹ́

Iná check engine tó tàn tí kò kú kì í fi bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lára. Wọ́n á ki ẹ̀rọ bọ ọkọ̀, wọ́n á ka kóòdù, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń dààmú ẹni ni èyí tó tàn lọ́jọ́ Ajé, tó kú lọ́jọ́rú, tó tún yọjú lójú pópó lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú mẹ́káníìkì báyìí, dáṣíbọọ̀dù á mọ́ tónítóní bí ojú ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí èèyàn pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta kó tó mọ̀ pé wáyà kan ló já.

Ẹ̀rọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí kò tóbi ju ilé ìṣáná lọ. ELM327 ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ ìdarí ọkọ̀ ni wọ́n ń kì í bọ̀, á sì máa bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth tàbí Wi-Fi. Ìdájọ́ wa nìyí kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ó tó rà, ṣùgbọ́n kóòdù tó ń kà ló kéré jù nínú àǹfààní rẹ̀. Freeze frame (àwòrán ipò tí ẹ́ńjìnnì wà nígbà àṣìṣe), kóòdù pending (àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ti rí ṣùgbọ́n tí kò tíì tan iná fún), àti àkọsílẹ̀ tó lè máa ṣe bí ọkọ̀ ti ń lọ, àwọn ni èèyàn ń sanwó fún. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ Clear sí, tí ọwọ́ gbogbo èèyàn máa ń yá láti tẹ̀, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn pa ẹ̀rí rẹ́.

Ọkọ̀ tó lè gbà á, àti èyí tí ẹ lè rà

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ti pẹ́ ló gbọ́ èdè ẹ̀rọ yìí. OBD-II ni èdè náà. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló gbọ́ ọ. Ní Yúróòpù, òfin mú un fún àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù ní 2001, ó sì kan àwọn tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ní 2004. Ọjà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fún ṣe pàtàkì ju ọdún tí wọ́n ṣe é lọ: ọkọ̀ kan lè ní ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ̀ gan-an, kó má sì dá ẹ̀rọ lóhùn. Ẹ wo ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n á ti kọ OBD II síbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dàgbà ju ìyẹn lọ kò nílò ẹ̀rọ yìí rárá. Lára ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, wáyà kékeré kan tó so ihò TE1 mọ́ ihò E1 nínú àpótí ìdánwò, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, á mú kí iná check engine máa ṣẹ́jú, ẹ ó sì máa ka ìṣẹ́jú rẹ̀ bíi kóòdù.

Ní ti rírà, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lára páálí tàn yín. ELM327 ni orúkọ chip tí ilé iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ṣe. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò ní ààbò, ni àwọn aládàákọ bá gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní 2022, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tí kò mọ̀ nípa wọn. Elm kò fìgbà kan ṣe ẹ̀dà 1.5, síbẹ̀ 1.5 ló kún ọjà. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn àdàkọ tí wọ́n kọ 2.1 sí sábà máa ń burú ju àwọn 1.5 lọ, torí pé wọ́n ti gé lára àṣẹ tí chip náà yẹ kó gbọ́. Èyí tí wọ́n sì máa ń gé ni J1850, èdè tí ọ̀pọ̀ Ford àti ọkọ̀ General Motors ń sọ kí CAN, èdè tuntun tó yára jù, tó dé. Tí ọkọ̀ yín bá wà nínú ìdílé yẹn, ẹ rí i dájú pé ẹ lè dá ẹ̀rọ náà padà. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tó ń dán àwọn àṣẹ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.

Ẹni tó ń lo iPhone kò gbọ́dọ̀ ra Bluetooth ti àtijọ́, torí pé fóònù náà kò ní rí i. Ti Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni tiẹ̀. Ti Android ń gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo chip STN, irú OBDLink, wọ́n ju àdàkọ lówó lọ dáadáa, wọ́n sì yára jù ú lọ. Bóyá ìyára náà tó owó yẹn, ẹ ó rí ìdáhùn rẹ̀ níwájú.

Ìdí tí iná náà fi ń wá tó ń lọ

Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní brain box, kì í sábà tan iná nígbà àkọ́kọ́ tó bá rí àṣìṣe. Fún ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe kan náà nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra. Ìrìn kan ni kí ẹ sítáàtì ọkọ̀, kó rìn débi tí àyẹ̀wò yẹn á fi parí, kí ẹ sì pa á. Ní ìrìn kìíní, á fi kóòdù pa mọ́ láìtan iná; òun ni pending. Ní ìrìn kejì, iná tàn. Tí ìrìn mẹ́ta bá wá lọ tẹ̀ léra láìsí àṣìṣe náà, iná á kú. Kóòdù ò tíì lọ o. Á ṣì wà nínú ìrántí títí ẹ́ńjìnnì á fi tutù, tí á tún gbóná, nígbà 40, láìsí pé àṣìṣe náà padà wá.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ pa kóòdù mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí iná ti kú. Mẹ́káníìkì tó bá wo dáṣíbọọ̀dù tí kò sí iná, tó ní kò sí nǹkan kan, kò tíì wò ó. Ibí ni ELM327 ti kọ́kọ́ sanwó ara rẹ̀ padà: ẹ kì í bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí iná kò tàn pàápàá, kóòdù á wà níbẹ̀ tàbí pending á wà níbẹ̀.

Àyàfi iná tó bá ń ṣẹ́jú. Tí check engine bá ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀, epo tí kò jó ń wọ catalytic converter (àpótí tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà) lọ, ó sì ń sun ún. Ẹ fi ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ̀tù, ẹ wá ibi dúró sí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa ṣọ́ ọ.

Lílò rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì ọkọ̀. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, gílóòbù ti jó, tàbí ẹnì kan ti yọ ọ́ kó lè rí ọkọ̀ náà tà.

Tí ẹ bá ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ tí iná ara rẹ̀ kò tàn, ẹ má tíì bú ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ kẹrìndínlógún ihò yẹn ló ń gba iná bátìrì, fíùsì kan náà ló sì ń bọ́ òun àti ihò ìtanná sìgá lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ wo fíùsì náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Bluetooth sábà máa ń jẹ́ 1234 tàbí 0000. Tó bá jẹ́ ti Wi-Fi, àdírẹ́sì tí áàpù máa béèrè ni 192.168.0.10, port 35000.

Ẹ ka nǹkan báyìí, ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù ní ìkọ̀ọ̀kan: kóòdù tó wà ní ìpamọ́, kóòdù pending, freeze frame, lẹ́yìn náà readiness. Readiness ló ń sọ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ti parí. Tí gbogbo rẹ̀ bá ní òun ò tíì parí, ẹnì kan ti pa ìrántí rẹ́ láìpẹ́, tàbí wọ́n ti yọ bátìrì. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tún ń sọ iye kìlómítà tó ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó dàgbà gan-an kì í sọ ọ́.

Freeze frame

Tí ẹ̀rọ yìí kò bá lè ṣe nǹkan mìíràn ju èyí lọ, a ṣì máa ní kí ẹ rà á. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ kóòdù sílẹ̀, ó ya àwòrán ipò tí ẹ́ńjìnnì wà ní àkókò yẹn: RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), eré tí ọkọ̀ ń sá, ìgbóná omi rádíétọ̀, bí ẹrù ẹ́ńjìnnì ṣe wúwo tó, fuel trim (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún un tàbí dín in kù kó lè bá afẹ́fẹ́ mu), àti bóyá ó ń fetí sí sẹ́ńsọ̀ oxygen, tó ń wọn oxygen inú èéfín, nígbà náà. Fún àṣìṣe tó ń farahàn tó ń sá pamọ́, èyí ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbé P0171 yẹ̀ wò, kóòdù tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ká ní freeze frame sọ pé RPM 720, eré 0, omi 91°C, fuel trim alọ́jọ́-pípẹ́ +19%. Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ń rọra yí. Afẹ́fẹ́ tí kò gba ọ̀nà ń wọlé láti ibì kan lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ (MAF): họ́ọ̀sì vacuum tó ti là, gásíkẹ́ẹ̀tì intake tó ti gan, rọ́bà PCV (ti fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà) tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ká wá ní ó sọ pé RPM 2900, eré 105 km/h, ẹrù 78%, fuel trim +17%. Họ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn mọ́. Ihò kékeré tó ń da ẹ́ńjìnnì láàmú nígbà tó bá ń rọra yí kò ní jọ ọ́ lójú nígbà tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń wọlé. Epo ni kò tó: pọ́ǹpù ti rẹ̀, fílítà epo ti dí, tàbí ìdọ̀tí ti bo MAF débi pé ó ń ka afẹ́fẹ́ ní àkàkù. Kóòdù kan náà ni, iṣẹ́ méjì tí kò jọra rárá. Ẹ̀rọ tó kàn ń ka kóòdù, tí kò ní freeze frame, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín.

Misfire, ìyẹn kí sìlíńdà kan má jó epo rẹ̀ dáadáa, náà bẹ́ẹ̀. P0303, misfire sìlíńdà kẹta, tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi wà ní 24°C, ìyẹn kété tí wọ́n sítáàtì, yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 96°C lórí òkè. Tàkọ́kọ́ lè jẹ́ omi rádíétọ̀ tó ń rọra jò wọ sìlíńdà lóru, tàbí injector (ẹnu tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì) tó ń kán epo sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró. Tẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ kọ́ìlì tó ti sán, tàbí plọ́ọ̀gì tí àlàfo ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó: ẹ gbé kọ́ìlì sìlíńdà kẹta sí ìkíní, kí ti ìkíní lọ sí ìkẹta. Tí kóòdù bá di P0301, kọ́ìlì ni. Tó bá dúró sórí 3, ẹ pààrọ̀ ipò plọ́ọ̀gì lọ́nà kan náà, lẹ́yìn náà injector. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wo inú ihò plọ́ọ̀gì bóyá epo ẹ́ńjìnnì ti kún ún, torí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí orí ẹ́ńjìnnì tó ń jò máa ń ba kọ́ìlì tuntun jẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ba ti àtijọ́ jẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: ààyè freeze frame kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní. Kóòdù misfire tàbí ti epo lè lé kóòdù mìíràn kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ kóòdù tó ni freeze frame náà kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹni tó figbe ta kọ́ ló jalè. Ohun tí kóòdù ń dárúkọ ni ibi tí igbe ti jáde. P0171 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ oxygen ti bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ náà gan-an ló ń ròyìn ohun tó rí. Ó tilẹ̀ lè rí i tì: sàlẹ́ńsà tó bá lu níwájú sẹ́ńsọ̀ á máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì ní epo kò tó nígbà tí epo tó. P0420, kóòdù tó ń sọ pé catalytic converter kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, náà kò pàṣẹ pé kí wọ́n ra catalytic converter. Tí kóòdù misfire bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn ṣáájú; a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn kóòdù èéfín epo tó ń jò láti táńkì, P0442, P0455, P0456 àti àwọn ará wọn, ni ọ̀gá nínú kí iná máa wá kó máa lọ, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: kọ̀ǹpútà kì í ṣe àyẹ̀wò yẹn lójoojúmọ́. Ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti tutù dáadáa, kí epo inú táńkì má kéré jù, kó má sì kún jù. Láàárín bíi 15% sí 85% ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́. Ẹni tó ń kún táńkì nígbà gbogbo lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìrí iná, kó wá rí i lọ́jọ́ tí epo rẹ̀ dé ìdajì. Rọ́bà ìdérí táńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ti là, ẹ pààrọ̀ ìdérí náà, kí ẹ sì ní sùúrù fún ọjọ́ mélòó kan kí iná tó kú fúnra rẹ̀.

Wíwò ó láàyè, àti ibi tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́

Àǹfààní kejì ni kí fóònù máa kọ ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Níbí ni ọjọ́ orí ọkọ̀ ti ń fi ara hàn. Ọkọ̀ tó ń lo èdè ISO 9141-2 tàbí KWP, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Éṣíà àti Yúróòpù ń lò kí CAN tó gba gbogbo ọjà, ń sọ̀rọ̀ ní 10.4 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Gbogbo ohun tí ẹ lè rí gbà kò ju ìdáhùn mélòó kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá wá to òdiwọ̀n 12 sójú fóònù, tí gbogbo rẹ̀ ń yí bí aago, á rò pé òun ń ríran, ṣùgbọ́n ìkọ̀ọ̀kan wọn á máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó yí padà. Ẹ mú mẹ́ta péré, tàbí mẹ́rin. Ìdí nìyí tí a kò fi gba ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí níyànjú láti ra ẹ̀rọ olówó gọbọi nítorí ìyára: ọkọ̀ ló lọ́ra, ẹ̀rọ kò lè sáré jù ú lọ. Lára ọkọ̀ CAN, tó di dandan ní Amẹ́ríkà láti 2008, owó yẹn kò ṣòfò.

Fún P0171, ẹ mú RPM, fuel trim ojú-ẹsẹ̀ àti alọ́jọ́-pípẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí gbogbo iná àti AC wà ní pípa. Ẹ kọ ohun tó sọ nígbà tó ń rọra yí, lẹ́yìn náà ẹ tẹ tọ̀tù dé 2500, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ro trim méjèèjì pọ̀. Tí àpapọ̀ bá wà láàárín −10% àti +10%, kò sí wàhálà. Tó bá ga nígbà tó ń rọra yí tó sì wálẹ̀ ní 2500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Tó bá ń ga sí i bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i, epo tàbí MAF ni. Tó bá lọ sí −15% tàbí jù bẹ́ẹ̀, epo pọ̀: injector ń jò, tàbí fáàfù purge, tó ń jẹ́ kí èéfín epo táńkì wọ ẹ́ńjìnnì, kò padé mọ́.

Fún P0128, kóòdù tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, ìgbóná omi nìkan ti tó. Ẹ jẹ́ kí gráàfù rẹ̀ máa lọ. Tó bá gòkè dé 90°C nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó wá wálẹ̀ sí 70°C nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sójú títì tó já geere, thermostat, fáàfù tó ń dá omi rádíétọ̀ dúró, kò padé mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èyí tó wúlò jù fún àṣìṣe tó ń sá pamọ́ ni nọ́ńbà tí kò bójú mu. Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná tí wáyà rẹ̀ bá já á sọ pé ìgbóná jẹ́ −40°C. Ẹ́ńjìnnì kankan kì í bọ́ láti 88°C sí −40°C láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan péré nínú àkọsílẹ̀ wákàtí kan, ẹ ti mú olè: wáyà já tàbí ẹnu ìsopọ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí, ẹ gbé òdiwọ̀n yẹn nìkan sójú fóònù, kí ẹnì kan máa wò ó, kí ẹnì kejì máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu sẹ́ńsọ̀ lọ títí dé brain box. Kó tẹ̀ ẹ́, kó fà á, kó yí i. Ibi tó ti fò ni kí ẹ là. Àwọn ibi tí a máa ń bá a ni ibi tí wáyà ti fara kan irin, ibi tí ó ti tẹ̀ kọrọ, àti ẹnu ìsopọ̀ tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti mú.

Fún sẹ́ńsọ̀ ipò tọ̀tù tó ti jẹ nínú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì, kí ẹ tẹ tọ̀tù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òkè dé ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Gráàfù gbọ́dọ̀ gòkè láìṣubú níbì kan. Ẹ má yára. Ẹ̀rọ tó lọ́ra kò ní rí ibi tó ti ṣubú.

Fún P0420, ẹ kọ́kọ́ rí i pé sàlẹ́ńsà kò lu. Kí ọkọ̀ gbóná, ẹ dì í mú ní 2500 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, sẹ́ńsọ̀ oxygen méjèèjì nìkan lójú fóònù. Ti iwájú á máa fò láàárín 0.1 sí 0.9 volt. Ti ẹ̀yìn yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ níbi 0.6 tàbí 0.7. Tó bá ń fò bí ti iwájú, catalytic converter ti ń kú lọ. Tí sẹ́ńsọ̀ iwájú bá jẹ́ irú A/F (air/fuel), kò ní fò bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ wò.

Nǹkan tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe pọ̀. Iná sẹ́ńsọ̀ tó já fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá, bíi ti sẹ́ńsọ̀ crankshaft, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, tó ń kú nígbà tó bá gbóná, ó lè kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ rí i. Wọ́n máa ń sọ pé kí èèyàn wo RPM nígbà tó ń sítáàtì ọkọ̀ tó kọ̀: tí ẹ́ńjìnnì ń yí tí RPM wà ní 0, sẹ́ńsọ̀ crankshaft kò sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná bátìrì máa ń wálẹ̀ nígbà sítáàtì, àdàkọ tí kò lágbára á sì kú, á tún jí. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ kò tíì já kúrò lára fóònù kí ẹ tó gba 0 yẹn gbọ́. Kì í sábà ka kóòdù ABS tàbí airbag. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P1 jẹ́ ti ẹni tó ṣe ọkọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ìtumọ̀ tí áàpù ọ̀fẹ́ bá kọ síwájú rẹ̀ lè jẹ́ ti ọkọ̀ ẹlòmíì.

Ẹ ra mítà volt kékeré mọ́ ọn. Volt bátìrì tí àdàkọ ń sọ lè fi díẹ̀ yàtọ̀ sí òtítọ́. Bátìrì tó sinmi dáadáa yẹ kó wà ní 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, 13.5 sí 14.7. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí ìdí odì bátìrì, èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ọkọ̀ wà ní títàn pẹ̀lú iná iwájú àti fáànù AC. Tó bá ju 0.1 volt lọ, wáyà earth ti ń jẹ. Earth tí kò dára ló ń bí kóòdù mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan lọ́jọ́ kan náà, mítà ló sì ń mú un, ELM327 kò lè rí i.

Bọ́tìnì Clear

Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kóòdù lọ, pending lọ, freeze frame lọ, readiness padà sí òdo, fuel trim náà sì lọ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ óò dúró títí àṣìṣe á fi tún ṣẹlẹ̀ nínú ìrìn méjì. Fún iná tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, oṣù kan ni ẹ sọ nù yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún nǹkan ṣe, kì í ṣe ṣáájú, kí àwòrán gbogbo rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù. Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ máa wo pending lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ bóyá iṣẹ́ yín dúró, kí iná tó sọ ọ́.

Ẹ má sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀ mọ́jú. Ó ń gba iná bátìrì kódà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Àdàkọ tó ń gba nǹkan bí 40 milliampere á jẹ bí ampere-hour kan lójúmọ́. Bátìrì 45 tó ti gbó, tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, lè ṣàìsítáàtì mọ́. Àwọn OBDLink kan mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nígbà tí ọkọ̀ bá kú, èyí sì jẹ́ ìdí tó ṣe pàtàkì ju ìyára lọ tí èèyàn lè fi san owó jù.

Ta ni kó rà á? Ẹni tí iná rẹ̀ ń wá tó ń lọ, tó ní sùúrù láti ka nọ́ńbà, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì gbọ́ OBD-II. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà fóònù, áàpù àti Bluetooth, kó ra ẹ̀rọ scan alọ́wọ́mú tó ní wáyà, ṣùgbọ́n kó wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kó tó sanwó: tí kò bá sí freeze frame, pending àti live data (wíwo sẹ́ńsọ̀ láàyè) níbẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dá a padà sórí àtẹ.